Fawad Khan: ṣé òṣèré gidi ni, àbí ẹwà ojú ló ń tà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ìyàwó mi àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin ti ń fi orúkọ òṣèrékùnrin ará Pakístàn kan, Fawad Khan, dí mi létí, tí wọ́n ń sọ pé kò sí irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà. Mo bá jókòó, mo ka iye fíìmù tí ó ti ṣe olórí eré, wọn kò pé mẹ́wàá. Mo tún kà nípa ará Pakístàn mìíràn, Sultan Rahi, tí fíìmù tirẹ̀ lé ní 700 kí ó tó kú. Báwo ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò kún agbọ̀n ṣe fẹ́ ṣe ọ̀gá ẹni tí tirẹ̀ kún abà? Lójú tèmi, irùngbọ̀n àti ojú tó fani mọ́ra ni gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá sì rò pé mo ṣì í wí, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó?

* * *

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ́kọ́ gbé òṣùwọ̀n yẹn sílẹ̀ ná. Nígbà tí Sultan Rahi wà lójú ọpọ́n, ìlú Lahore ni wọ́n ti ń ṣe fíìmù ní èdè Punjabi lọ́wọ́ lọ́wọ́, ó sì lè wà nínú iṣẹ́ mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó máa ti ibi kan bọ́ sí òmíràn pẹ̀lú àáké onígi gígùn rẹ̀ léjìká. Bí wọ́n ṣe ń kó 700 jọ nìyẹn. Fídíò inú kásẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ líle ìjọba ológun Zia-ul-Haq, àti bí ìtàn ṣe di kìkì ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀san, ni wọ́n jọ lé àwọn ìdílé kúrò nílé sinimá. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1996 ni wọ́n yìnbọn pa Rahi fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà nítòsí Gujranwala, iṣẹ́ fíìmù Punjabi tí ó gbé ró sì wó tẹ̀ lé e.

Tẹlifíṣàn ni àwọn tó mọ eré ṣe wá forí lé. PTV, iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn ìjọba tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Lahore ní ọdún 1964, ti mọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ lára láti máa retí eré tí òǹkọ̀wé gidi kọ, tí ó ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ó sì ní òpin. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni eré àtìgbàdégbà wọn sábà máa ń jáde, ó lè tó ogún apá tàbí ọgbọ̀n, yóò sì tán pátápátá. Kò dà bí àwọn ti Íńdíà tí ìyàwó ilé yóò kú, tí yóò padà wá pẹ̀lú ojú mìíràn, tí ọmọ rẹ̀ yóò sì fẹ́yàwó kí ẹ tó rí òpin rẹ̀. Àárín àwọn eré onípele kúkúrú yìí ni ẹ ti máa rí iṣẹ́ Fawad Khan tí ó tó gbé lé òṣùwọ̀n: Dastaan ní ọdún 2010, Humsafar ní ọdún 2011, Zindagi Gulzar Hai tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012. Ẹni tí ó bá ka fíìmù rẹ̀ nìkan ti ka ẹ̀ka, ó fi igi sílẹ̀.

* * *

Ẹnìkan sọ nínú àwọn èsì nísàlẹ̀ pé ará Íńdíà ni Fawad Khan. Rárá o. Gbogbo ẹni tó bá ti jọ wọ́n ni a máa ń pè ní ará Íńdíà nílé wa, bẹ́ẹ̀ ààlà tó wà láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì gan-an ni a ó dé bá níwájú gẹ́gẹ́ bí wàhálà iṣẹ́ ọkùnrin yìí.

Karachi ní Pakístàn ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 1981. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ gbé ìdílé wọn kiri, wọ́n gbé Gíríìsì, Dubai, Saudi Arabia àti Manchester kí wọ́n tó padà sí Lahore nígbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ìmọ̀ ẹ̀rọ sọ́fítíwíà ni ó kà ní yunifásítì FAST-NUCES. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n bí òṣèré, olórin ni: òun ni ó ń kọrin fún ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan tí ń jẹ́ Entity Paradigm, tí wọ́n díje nínú Pepsi Battle of the Bands ní ọdún 2002, tí wọ́n sì gbé àwo Irtiqa jáde ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ìdíje yẹn padà dé ní ọdún 2017, ó ti kúrò ní ẹni tí ń díje, ó ti di adájọ́. Àwa tí a ń gbé Manchester máa ń pè é ní ọmọ ìlú, ṣùgbọ́n ẹ̀yin kò ní láti gbà fún wa.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe wọlé sí mi lára, nítorí pé èmi náà ti sọ ohun tí oníbéèrè yìí ń sọ rí.

Ní ọdún 2012, mo ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan, èmi àti obìnrin ará Lahore kan tí ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Bàájí ni mo ń pè é, bí àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin. Bí aago méjì òru bá ti kọjá, tí àwọn arúgbó ti sùn, yóò gbé tíì tí ó ti fi mílíìkì sè pọ̀ kalẹ̀, yóò fi fóònù rẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ agolo ṣúgà, a ó sì máa wo Humsafar. Kò sí ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀ àwòrán rẹ̀. Òun ni ó ń túmọ̀ fún mi, ẹnu rẹ̀ nínú ife tíì, bí ó bá sì dé ibi tí ó dùn ún, yóò gbàgbé pé mo wà níbẹ̀.

Ìtàn náà kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ashar ni Fawad Khan ṣe. Bàbá rẹ̀ ní kí ó fẹ́ Khirad, ọmọ àbúrò òun obìnrin, nítorí pé jẹjẹrẹ ń pa ìyá ọmọbìnrin náà lọ, kò sì fẹ́ kí ó kú láìrí ẹni tí yóò fa ọmọ rẹ̀ lé lọ́wọ́. Ashar fẹ́ ẹ pẹ̀lú ìlọ́ra, ìfẹ́ sì dé lẹ́yìn. Ìyá ọkọ kò fẹ́ ìyàwó yìí, ó dẹ pàkúté fún un, ó jẹ́ kí ó hàn bí ẹni pé ó ń yan àlè, wọ́n sì lé e jáde pẹ̀lú oyún nínú. Ọdún gorí ọdún kí ó tó padà wá pẹ̀lú ọmọbìnrin kékeré kan tí àìsàn ọkàn ń bá jà, owó ìtọ́jú ọmọ ni ó wá gbà, kò wá tọrọ ìfẹ́.

Lẹ́tà kan wà tí Khirad ti kọ ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀, tí ọkùnrin náà kò sì kà á ní gbogbo àkókò yẹn. Lóru ọjọ́ tí a dé ibi tí ó ti wá kà á, Bàájí dákẹ́. Kò túmọ̀ gbólóhùn kan ṣoṣo. Èmi tí n kò gbọ́ èdè wọn, Urdu, ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ, mo mọ ìgbà tí ọkùnrin yìí dé ìlà tí ó pa á, mo mọ ìgbà tí ó rántí ìyá rẹ̀, mo sì mọ ìgbà tí ó yé e pé òun fúnra òun ni ó ti ilẹ̀kùn. Aago ìpè arúgbó kan dún ní yàrá kejì, kò sẹ́ni tí ó tètè dìde nínú wa, Ọlọ́run dárí jì wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ojú lásán ni, ẹ wo apá yẹn láìsí ohùn.

* * *

Àwọn obìnrin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti wá bínú sí mi pé ọkọ burúkú ni Ashar, pé ẹni tí kò lè béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyàwó rẹ̀ kò yẹ ní ẹni tí à ń yìn. Mo gbà. Ní Pakístàn pàápàá ni àwọn alárìíwísí ti ń sọ ọ́ pé eré tẹlifíṣàn wọn fẹ́ràn obìnrin tí ń jìyà tí ó ń fara dà á ju èyí tí ó bínú lọ. Ṣùgbọ́n ìbínú yín gan-an ni ẹ̀rí mi.

Ẹ to àwọn ipa tí ó dára jù lọ lọ́wọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nínú Khuda Kay Liye ní ọdún 2007, fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́, olórin kan, Sarmad, ni ó ṣe, tí àlùfáà kan yí lọ́kàn padà títí ó fi pa orin tì, tí ó sì wà lára àwọn tí wọ́n fi ipá so ọmọbìnrin kan mọ́ ìgbéyàwó tí kò fẹ́. Nínú Zindagi Gulzar Hai, Zaroon ni: ọmọ olówó tí ó gbà pé òmìnira dára fún ọkùnrin, tí ó sì ń fẹjú mọ́ arábìnrin rẹ̀ nítorí òmìnira kan náà. Ẹni tí ó sì wá pàdé ni Kashaf, ọmọ tí bàbá rẹ̀ lọ fẹ́ ìyàwó mìíràn nítorí pé ọmọbìnrin mẹ́ta ni ìyá rẹ̀ bí, kò bí ọkùnrin. Ta ni nínú wa tí kò mọ ilé bẹ́ẹ̀?

Ọkùnrin tí ó jẹ̀bi tí kò sì mọ̀ pé òun jẹ̀bi ni iṣẹ́ rẹ̀. Ojú tí ó dára yẹn ni irinṣẹ́. Ẹ gba ojú náà gbọ́ kí ẹ tó gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ, bí Khirad àti Kashaf ṣe gbà á gbọ́, nígbà tí ó bá sì ṣẹ̀ yín, ẹ ó rí i pé ẹ ti ń gbè é lẹ́yìn láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ẹni tí ojú rẹ̀ burú bá ṣe Ashar, ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ ni ẹ ó ti kórìíra rẹ̀, eré sì parí. Nítorí náà, ẹni tí ó béèrè pé ṣé ẹwà ni ó ń tà, bẹ́ẹ̀ ni, ẹwà ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ń fi rà.

* * *

“Owó Íńdíà ló sá lọ jẹ, ó sì gba èrè rẹ̀.” Gbólóhùn yìí ti jáde lẹ́ẹ̀mẹrin níbí, kò sì di òótọ́ ní ìgbà kẹrin.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2014 ni ìkànnì tẹlifíṣàn kan tí ń jẹ́ Zindagi bẹ̀rẹ̀ ní Íńdíà, tí ó ń gbé eré Pakístàn sáfẹ́fẹ́, Zindagi Gulzar Hai sì wà lára èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí. Ní ọdún yẹn kan náà ni Fawad Khan bá òṣèrébìnrin ará Íńdíà, Sonam Kapoor, ṣe fíìmù Khoobsurat, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Filmfare fún òṣèrékùnrin tuntun tí ó dára jù. Ní ọdún 2016 ni Kapoor & Sons jáde, níbi tí ó ti ṣe Rahul, àkọ́bí tí gbogbo ilé fi ń ṣe àwòkọ́ṣe, tí ó ń fi pamọ́ fún àwọn òbí rẹ̀ pé ọkùnrin ni olólùfẹ́ òun. Karan Johar tí ó gbé fíìmù náà jáde ti sọ ní gbangba pé àwọn òṣèré mìíràn kọ ipa yẹn kí ó tó kàn án. Ẹni tí owó nìkan bá wá kì í gba ipa tí àwọn onílé ti kọ̀.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, àwọn agbébọn kọlu ibùdó ọmọ ogun Íńdíà ní Uri ní Kashmir, Íńdíà sì ní ọwọ́ Pakístàn wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ní Mumbai, Maharashtra Navnirman Sena, fún àwọn òṣèré Pakístàn ní wákàtí 48 kí wọ́n fi ìlú sílẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn agbéfíìmùjáde níbẹ̀ pinnu pé àwọn kò ní gbà wọ́n síṣẹ́ mọ́. Fíìmù Johar mìíràn, Ae Dil Hai Mushkil, ti parí nígbà náà, Fawad Khan sì wà nínú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Johar jókòó síwájú kámẹ́rà láti ṣèlérí pé òun kò ní bá òṣèré láti orílẹ̀-èdè aládùúgbò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹgbẹ́ òṣèlú náà sì ní kí olùgbéjáde tí ó bá ti lo ará Pakístàn san 50 mílíọ̀nù rupee sí àpò àwọn ọmọ ogun. Ibo ni òṣèré náà wà? Ó kọ ọ́ sórí Facebook pé Lahore ni òun ti wà láti oṣù keje, pé ìyàwó òun fẹ́ bímọ, pé òun kò sì sọ ohun tí wọ́n ń sọ pé òun sọ. Àwọn ará Íńdíà kan bú u pé kò bá wọn dárò tó, àwọn ará ilé rẹ̀ kan sì bú u pé kí ni ó lọ wá níbẹ̀.

Ẹnìkan tún sọ pé òfin Íńdíà ni ó lé àwọn òṣèré Pakístàn. Òfin kọ́ ni. Ní ọdún 2023, ilé ẹjọ́ gíga Bombay da ẹjọ́ ẹni tí ó fẹ́ kí wọ́n fòfin de gbogbo òṣèré Pakístàn nù, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Íńdíà náà kò sì fetí sí i. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n kéde pé fíìmù rẹ̀, The Legend of Maula Jatt, yóò jáde ní Punjab ti Íńdíà ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, kò jáde. Fíìmù rẹ̀ mìíràn, Abir Gulaal, tí ó bá òṣèrébìnrin ará Íńdíà, Vaani Kapoor, ṣe, yẹ kí ó jáde ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 2025. Àwọn agbébọn kọlu àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ní Pahalgam ní Kashmir ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin, ilẹ̀kùn Íńdíà sì tún tì mọ́ ọn. Nígbà tí ẹ bá tún ń ka iye fíìmù rẹ̀, ẹ fi àwọn ọdún tí ilẹ̀kùn fi wà ní títì sínú ìṣirò náà.

Kí ẹ má sì rò pé ìta nìkan ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024 ni wọ́n yọ Barzakh, eré rẹ̀ pẹ̀lú Sanam Saeed, kúrò lórí YouTube ní Pakístàn fúnra rẹ̀, nítorí àwọn tí inú bí sí ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

* * *

Sultan Rahi ni ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n dá a padà fún yín. Òun ni Maula Jatt nínú fíìmù ọdún 1979. Fawad Khan ni ó gbé àáké náà nínú The Legend of Maula Jatt ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, lábẹ́ ìdarí Bilal Lashari, fíìmù náà sì pa ju bílíọ̀nù 2 rupee Pakístàn lọ, èyí tí fíìmù kankan láti orílẹ̀-èdè náà kò pa rí. Mo wò ó ní Manchester. Àwọn bàbá tí wọ́n ti fi ewú lórí jókòó ní ìlà tó wà níwájú mi, wọ́n ń bá àwọn òṣèré sọ ọ̀rọ̀ Punjabi jáde kí àwọn òṣèré tó sọ ọ́, ọ̀kan nínú wọn sì dìde dúró nígbà tí àáké jáde.

Ṣé Fawad Khan dára níbẹ̀? Ó ṣe dáadáa, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Hamza Ali Abbasi tí ó ṣe ọ̀tá rẹ̀, Noori Natt, ni ó gba eré náà mọ́ ọn lọ́wọ́, nítorí pé Maula kò ní ẹ̀bi kankan tí yóò fi ojú yẹn bò. Ohun tí Fawad Khan san fún ipa náà sì pọ̀. Àtọ̀gbẹ ti ń bá a fínra láti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, síbẹ̀ ó sáré sanra kí ara rẹ̀ lè tó ti Maula, ó sì sọ fún àwọn oníròyìn lẹ́yìn náà pé ilé ìwòsàn ni òun bá ara òun, kíndìnrín òun daṣẹ́ sílẹ̀, òun kò sì ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń pè é ní ọ̀lẹ níbí, ẹ fi èyí sọ́kàn.

* * *

Ó ku ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi Maula Jatt bẹ̀rẹ̀, àáké ni ẹ ó rí, ẹ kò ní rí òṣèré. Bí ẹ kò bá ní sùúrù fún eré gígùn, ẹ wo Kapoor & Sons, kò gbà ju alẹ́ kan lọ. Bí ẹ bá ní sùúrù, Zindagi Gulzar Hai ni kí ẹ mú, nítorí pé Kashaf máa ń dá a lóhùn, yóò sì bá yín jà á. Ẹ rí i dájú pé ìtumọ̀ wà nísàlẹ̀ àwòrán. Ẹ̀dà Humsafar tí ó ní ìtumọ̀ tó já gaara wà báyìí. N kò ní Bàájí láti yá yín.

* * *

Oníbéèrè wa ti padà dé. Ó ní òun kò gbọ́ ìmọ̀ràn mi, pé Humsafar ni ìyàwó òun tan sílẹ̀, pé àwọn ti dé apá kẹwàá, pé òun fẹ́ wọ inú tẹlifíṣàn lọ fún ìyá ọkọ yẹn ní ìgbátí, ó sì ń béèrè pé ṣé Ashar máa mọ̀ òótọ́ lọ́la.

Kò ní mọ̀ ọ́n lọ́la. Apá mẹ́tàlélógún ni ó jẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ lọ sùn.